Òwú Àárọ̀

Ohun mẹ́rin ni ó bàjẹ́ lára ìyá mi, Hánà, ní ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní Ìbàdàn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́: oríkèé ìka wú, wọ́n gbóná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí koríko tí omi ń ṣàn gba orí rẹ̀ kọjá. Èkejì, wọ́n mú un kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ ní Ilé Àwọ̀n, wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ lọ bá a lórí ibùsùn, kí ó má baà rìn dé gbọ̀ngàn tí gbogbo ìlú ti ń jẹun. Ẹ̀kẹrin, kò béèrè mọ́ bóyá àwọn ọkọ̀ tí ó jáde sí òkun rí ẹja bọ̀ tàbí wọn kò rí. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni a lè dá àìsàn lẹ́bi fún. Ènìyàn ni ó ṣe èkejì àti ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ìfẹ́ àti omijé lójú. Àwọn méjèèjì náà ni ó sì bí ẹ̀kẹrin.

Ẹni tí kò bá gbé Ayétòrò, ìlú wa létí òkun, nígbà náà lè má lóye bí a ṣe lè fi ìfẹ́ ba ènìyàn jẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láàrin wa. Ilé ìdáná kan ni ó ń bọ́ wa, ilé ìránṣọ kan ni ó ń wọ̀ wá láṣọ, àwọn ọkọ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa kàn ni ó sì ń gbé wa lọ sí òkè odò. Bí àlejò bá bi ọ́ pé ta ni ọ́, o kò ní dárúkọ bàbá rẹ. Ilé iṣẹ́ rẹ ni ìwọ yóò dárúkọ: ará Ilé Àwọ̀n ni mí, ará Ilé Bàtà ni mí, ará Ilé Ọkọ̀ ni mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ri àwọn òpó àkọ́kọ́ mọ́ inú ẹrẹ̀ ni Hánà ti jẹ́ ará Ilé Àwọ̀n. Kò tíì jẹ́ nǹkan mìíràn rí.

A kì í sì í sọ pé "tèmi". Láti kékeré ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa. Ọmọ tí ó bá ní "bàtà mi" ní ilé ìwé, olùkọ́ a ní kí ó tún un sọ, "bàtà wa." Mo rántí ọmọbìnrin kan tí eyín ń dùn, tí ó ń sunkún pé, "Eyín wa ń dùn wá," tí gbogbo kíláàsì fi rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ fúnra rẹ̀ fi bá wa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó ronú nígbà náà pé ọmọ náà ti béèrè ìbéèrè kan tí ìlú wa kò ní ìdáhùn sí.

Ní ìdájí ni agogo ń dún. Bí ó bá ti dún, ará ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a péjọ, wọn a kọrin, wọn a gbàdúrà. Ní Ilé Àwọ̀n, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti ṣe "Àmín", olórí a ṣí àpótí, a pín òwú láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òwú àárọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò bá sí níbi àdúrà kò ní gba òwú, ẹni tí kò bá sì gba òwú kò ní iṣẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú. Àwọn tí ó dá ìlú sílẹ̀ ni ó fi èyí lélẹ̀, wọ́n sì ní ìdí tí ó dára: wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá nígbà tí ó wù ú, kí ó máa rò pé òun ju ẹni tí ó jí lọ. Àṣà náà dára fún gbogbo ẹni tí oríkèé rẹ̀ ń jí pẹ̀lú agogo.

Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, mo yà ní Òkìtìpupa sọ́dọ̀ dókítà tí ó ti tọ́jú ìyá mi. Ọkùnrin tí ó ti rẹ̀ ni, kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Kì í ṣe òtútù," ó ní, "kì í sì í ṣe ọjọ́ ogbó. Ara rẹ̀ ni ó ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Kò ní tán, ṣùgbọ́n ó lè rọlẹ̀. Àárọ̀ ni yóò máa le jù. Máa fún un lóògùn yìí, kí o sì fún un ní ìdí tí yóò fi máa lò ó."

Mo rò pé àwàdà ni ó fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà ṣe.

Ilé Ìtura ni mo ti bá Iye, bí a ti ń pe ìyá ní etí òkun wa. Ibẹ̀ ni àwọn tí ìlú ti fún ní ìsinmi ń gbé, ilé tí ó mọ́ tónítóní, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun, tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo nínú rẹ̀. Ó dì mọ́ mi pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́, kò jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kàn mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ìdí rẹ̀. Ó ti jí kí agogo tó dún. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ń gbìyànjú láti ró ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka náà dúró gbọnrangandan, wọn kò tẹ̀, wọn kò sì ká. Aṣọ náà jábọ́ sílẹ̀. Mo sáré lọ bá a.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ó ní. "Wọn kò tíì jí ni. Má pariwo mọ́ wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì bá a ró aṣọ. Nígbà náà ni agogo dún. Láti ojú fèrèsé, a gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn lórí afárá pákó, a gbọ́ bí wọ́n ti ń kí ara wọn, a sì gbọ́ orin Ilé Àwọ̀n. Ìyá mi yí ojú sí ògiri títí wọ́n fi ṣe Àmín.

Ọ̀sán ni ó yà mí lẹ́nu. Mo ti jáde lọ kí àwọn ẹbí. Nígbà tí mo padà, mo bá Iye ní igun ilé, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó so òwú mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà, ó sì ń hun àwọ̀n. Ìka rẹ̀ kò yára bí ti àtijọ́, wọ́n ṣì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kókó kan ń tẹ̀lé òmíràn, ojú àwọ̀n kan kò sì ju èkejì lọ. Ojú rẹ̀ ni mo wò jù. Ojú obìnrin tí ó wà nílé ni.

"Iye! Ẹ ń hun àwọ̀n!"

"Rọra o. Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ pé mò ń tú kúbùsù wa?"

Nígbà náà ni mo rí i pé etí kúbùsù ibùsùn rẹ̀ ni ó ti ń fa òwú náà yọ.

"Ta ni ó sọ pé ẹ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́?"

"Àárọ̀ ni kò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Èmi àti ọ̀sán kò jà."

"Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Mo sọ ọ́." Ó fa òwú náà le. "Bóyá mo sọ ọ́ jù ni."

Ẹsẹ̀ dún lórí pákó lóde. Sárà, tí ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn ará Ilé Ìtura, ni ó ń bọ̀ pẹ̀lú pupuru àti ọbẹ̀ ẹja. Kíá, ìyá mi tú òwú kúrò lẹ́sẹ̀, ó ká a sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì dùbúlẹ̀ bí aláìsàn. Obìnrin tí ó ti hun àwọ̀n tí ó bọ́ ìlú ń fi iṣẹ́ pamọ́ bí ẹni tí ó jalè. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè kí Sárà dáadáa.

Mo gba Ilé Àwọ̀n lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Moríkẹ́ ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, òun àti Iye ni ó ti ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọwọ́.

"Ẹ wá wo Rhoda Hánà! Wọ́n ní o ti di dìgírì. Ṣé a ó máa kúnlẹ̀ kí ọ báyìí?"

"Èmi ni n ó kúnlẹ̀, Iye Moríkẹ́."

"Má ṣe é níbẹ̀ yẹn o, pákó ti jẹrà. O ó jábọ́ sínú omi, dìgírì á sì tutù."

Mo bi í léèrè ohun tí ìyá mi sọ. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó sì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àwọ̀n tí wọ́n sá sóòrùn.

"Ní ìpàdé gbogbo ìlú ni. Ìyá rẹ dìde. Ó ní, 'Ẹ̀yin ará, ara mi kì í gbọ́ tèmi láàárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n máa wá ní àkókò tèmi.' Tèmi! Lẹ́ẹ̀mejì, Rhoda! Bí ẹni pé ó ju òkúta lu gbọ̀ngàn. Ìkòkò ọbẹ̀ gan-an dákẹ́."

"Wọ́n bú u?"

"Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n gbàdúrà fún un. Bàbá Fọlọ́runṣọ́ ní àìsàn ti ń gbé ọ̀rọ̀ ayé sí i lẹ́nu, ó yẹ kí a sọ ẹrù kalẹ̀ fún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Gbogbo wa ṣe Àmín. Ní ọjọ́ kejì, Jọọlá ni ó jókòó sí ibi tí ó ń jókòó."

"Ẹ̀yin náà ṣe Àmín?"

"Tèmi ni ó ròkè jù." Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Olúwa, dáríjì mí. Ṣé o rí bí ó ṣe ń yọ? Wò ó, Jọọlá kì í ṣe ọmọ burúkú, ṣùgbọ́n ojú àwọ̀n rẹ̀, ọkọ̀ lè gbà á kọjá."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo ń ro ọ̀rọ̀ ìyá mi. Ìlú tí ó pín ẹja, tí ó pín aṣọ, tí ó pín ọmọ títọ́, kò rí ọ̀nà tí yóò gbà pín ìrora. Ìrora nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Hánà láti dá gbé. Nígbà tí ó sì fi ẹnu pè é ní tirẹ̀, wọ́n ní ó ṣẹ̀.

Bàbá Fọlọ́runṣọ́, olórí Ilé Àwọ̀n, jókòó ti àpótí òwú. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ènìyàn rere ni. Òun ni ó gbé mi sínú ọkọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé, tí ó sì fi ẹ̀wù rẹ̀ bò mí nítorí òjò. Ó dìde láti kí mi.

"Káàbọ̀, ọmọ wa. Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń sinmi dáadáa?"

"Bàbá, ìsinmi náà ni ó ń pa á."

Mo ròyìn fún un ohun tí dókítà sọ. Mo sọ pé bí oòrùn bá ti gòkè, ọwọ́ Hánà a máa tú, pé ó lè ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, pé kí Bàbá jẹ́ kí ó máa wá lọ́sàn-án. Ó fetí sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó sì mi orí.

"Ta ni yóò fún un ní òwú lọ́sàn-án?"

"Ẹ̀yin ni."

"Lẹ́yìn tí àdúrà ti parí?"

"Ṣé Ọlọ́run a máa jáde níbí lẹ́yìn Àmín ni, Bàbá?"

Lẹ́yìn mi, ikọ́ gbé Moríkẹ́, tàbí ẹ̀rín. Bàbá Fọlọ́runṣọ́ kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí ó ń wo ọmọ tí ó sún mọ́ etí omi jù.

"Ìwé ti pọ́n ẹnu rẹ, ó dára bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi rán ọ lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́. Bí mo bá ṣe é fún Hánà, ẹlòmíràn yóò ní ìrọ̀lẹ́ ni ó rọ òun lọ́rùn. Kí ó tó pẹ́, olúkúlùkù yóò ní wákàtí tirẹ̀, lẹ́yìn wákàtí yóò ní ẹja tirẹ̀, a ó sì padà sí ibi tí a ti sá wá. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń béèrè pé, irú àìsàn wo ni èyí tí ó ń dè é láàárọ̀, tí ó ń tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án? Èmi ni mo pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo ní Hánà kò purọ́ rí. Kí ni ó wá kù ú kù? Oúnjẹ rẹ̀ dín ni? Aṣọ rẹ̀ dín?"

"Oúnjẹ kọ́ ni mo wá béèrè."

Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí àpótí òwú. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó dà bí oore létí mi nígbà náà.

"Bí ó bá lè wá láàárọ̀, bí gbogbo wa, mo fi Olúwa ṣe ẹlẹ́rìí, n ó fi òwú sí i lọ́wọ́ kí n tó fi sí ti ẹnikẹ́ni."

N kò fẹ́ sọ èyí fún Iye. Moríkẹ́ ni ó sáré lọ sọ ọ́, pẹ̀lú ayọ̀, bí ẹni tí ó gbé ìhìn rere. Nígbà tí mo wọlé, ìyá mi ti jókòó, ó ti ní kí Sárà bá òun fọ ìró aláwọ̀ búlúù tí ó máa ń wọ̀ lọ sí iṣẹ́.

"Iye, ẹ má lọ. Ẹ mọ bí àárọ̀ ti máa ń rí."

"Àárọ̀ kò tíì rí mi nínú ilé iṣẹ́. Nínú ibùsùn ni ó ti ń rí mi."

"Dókítà ní…"

"Dókítà ní kí n sinmi bí?"

"Rárá."

"Ó dáa nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ìwé, kí a tó jẹun ni ẹ ti ń bínú. Wá bá mi fi òróró ra ọwọ́ yìí."

Ọ̀rinrin òkun bo gbogbo ìlú ní ìdájí ọjọ́ tí ó lọ. Èmi àti Moríkẹ́ mú un lápá, a rìn lórí pákó tí ó ń yọ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ó ń rìn lórí ẹyin nítorí kókósẹ̀ náà ti wú. Kò ké. Nígbà tí a wọ Ilé Àwọ̀n, gbogbo wọn dìde fún un. Jọọlá fi ìjókòó sílẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Wọ́n kọrin, ó bá wọn kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ni ó mọ́ jù níbẹ̀. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n ṣe Àmín. Bàbá Fọlọ́runṣọ́ ṣí àpótí, ó kọjá gbogbo ènìyàn, ó wá sí iwájú ìyá mi, ó sì na òwú sí i.

Ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì. Òwú náà bọ́ sórí wọn, ó sì yọ́ gba àárín wọn kọjá sílẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́," ni gbogbo ilé wí.

Bàbá gbé e, ó tún fi fún un. Ìyá mi gbìyànjú láti fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìka ọwọ́ òsì pọ̀, kí ó lè gbá òwú náà mú. Mo rí i tí òógùn ń sọ̀ níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Òwú náà tún bọ́.

"Pẹ̀lẹ́, Hánà. Pẹ̀lẹ́, ìyá wa."

Ọ̀rọ̀ náà ń ti gbogbo igun bọ̀, jẹ́jẹ́jẹ́, bí òjò tí kò ní dá. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó fi í ṣẹ̀sín. Ì bá rọrùn fún mi láti kórìíra wọn bí wọ́n bá ṣe é. Bàbá Fọlọ́runṣọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa òwú náà láti ilẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀. Kò fi fún un mọ́. Ó dà á padà sínú àpótí, ó sì bojú wò mí.

"Ṣé o rí i, ọmọ mi? Ìfẹ́ ni a fi ṣe é."

A mú ìyá mi padà. Ní ọ̀sán, oòrùn gòkè, ìka rẹ̀ tú bí ó ti máa ń tú. Mo jókòó tì í, mo ń retí kí ó wá òwú lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò wá a. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Mo bu omi, mo kó oògùn rẹ̀ jáde.

"Gbé e padà," ó ní.

"Dókítà ní bí ẹ bá ń lò ó déédéé, ara yín á le ju báyìí lọ."

"Kí n wá fi ara líle ṣe kí ni, Rhoda?"

Ó bi mí láìsí ìbínú, bí ẹni tí ó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò. Mo kó oògùn náà padà. Kí n ní kí ó máa jẹun lọ? Kí n ní kí ó máa wo òkun? Láti ọjọ́ náà ni ó ti kọ oògùn. Kò kọ oúnjẹ. Ó ń jẹ ohun tí wọ́n bá gbé wá, ó ń dúpẹ́, ó sì ń sùn. Wíwú náà gba ọrùn ọwọ́, ó gba orúnkún. Àwọn ará Ilé Ìtura ní ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí, pé kò ráhùn mọ́. Sárà sọ fún mi pé àdúrà ìlú ti gbà. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wo ìyá mi tí ó ń yó kú nínú ilé tí ó mọ́ tónítóní, mo sì ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń yin Ọlọ́run.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Fọlọ́runṣọ́ bẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé aṣọ tuntun wá láti ilé ìránṣọ, aṣọ funfun, ó sì tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi wo aṣọ náà, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, nítorí pé àlejò kì í wọlé rẹ̀ kí ó má fún un ní omi, ó tẹ̀ síwájú, ó gbé kẹ́tùlù tí ó kún láti orí tábìlì, ó dà á sínú ife, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún olórí Ilé Àwọ̀n. Ẹ̀kán omi kan kò dà sílẹ̀. Ọkùnrin náà gbà á, ó mu ún tán, ó ní, "Olúwa yóò fún ọ lókun," ó dá ife padà sí ọwọ́ náà gan-an, kò sì rí nǹkan kan.

Mo bá a lórí afárá pákó kí ó tó dé orígun. Mo dúró sí àárín ọ̀nà. Ibẹ̀ ni afárá náà ti há jù, kò lè kọjá.

"Bàbá, ta ni ó bu omi fún yín ní ìsinsìnyí?"

"Hánà ni."

"Ọwọ́ wo ni ó fi bù ú?"

Mo rí i tí ó bojú wo ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà Ilé Ìtura, mo sì rí i pé ó ti yé e. Nǹkan tí ó bí mi nínú jù ni pé kò gba àkókò kí ó tó yé e.

"N ó gbé e dé iwájú àwọn àgbà," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí ìpàdé bá kó jọ. Ọ̀rọ̀ tí Hánà sọ lọ́jọ́sí ṣì wà lọ́kàn àwọn ènìyàn. Yóò gba sùúrù."

"Iye kò lo oògùn mọ́. Ó ti kọ̀ ọ́ láti àárọ̀ tí ẹ kó òwú kúrò níwájú rẹ̀. Kò ní dúró de ìpàdé."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ọwọ́ di igi ẹ̀gbẹ́ afárá mú.

"Kí ni o wá fẹ́ kí n ṣe, ọmọ yìí?"

"Bàbá Fọlọ́runṣọ́, n kò bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, n kò sì bá ìpàdé sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má tún gbàdúrà lé e lórí, ẹ má sì gbé aṣọ wá fún un mọ́. Kọ́kọ́rọ́ àpótí òwú wà lọ́wọ́ yín, oòrùn ṣì wà lókè. Ẹ lọ ṣí i. Ẹ gbé òwú wá fún Hánà kí ọ̀sán yìí tó tán, kí ẹ fi sí i lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn; kí ẹ sì bi í léèrè wákàtí tí yóò máa wá sí iṣẹ́, kí ẹ máa dúró dè é ní wákàtí náà. Ẹ lọ ní ìsinsìnyí."